Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ìgbẹ́ ehoro nù mọ́

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí ká tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Ní àdúgbò wa ní Ọbáńtókò níbí, àwọn tó ń sin ehoro ti pọ̀ díẹ̀ báyìí, ẹlòmíì ń sin ín lẹ́yìn ilé, ẹlòmíì lórí bàkónì, kéèjì méjì, kéèjì mẹ́ta, tí wọ́n bá sì gbálẹ̀ abẹ́ kéèjì tán láàárọ̀, inú àpò ni wọ́n ń kó ìgbẹ́ yẹn sí, wọ́n á gbé e fún àwọn tó ń kólẹ̀ tàbí kí wọ́n kúkú dà á sínú gọ́tà kí òjò gbé e lọ. Ẹni tó da ìyẹn nù láàárọ̀ náà ló máa gba Kútọ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ lọ ra ìdì tẹ̀tẹ̀ tí ò kún ọwọ́, tí oòrùn ti pa á rọ, á dé ilé á máa ráhùn pé ọjà ti wọ́n. Ó máa ń ká mi lára gan-an. Ẹran ehoro dáa, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má jẹ ẹ́, àmọ́ lójú tèmi o, ẹni tó ń sin ehoro tó ń da ìgbẹ́ ẹ̀ nù, ìdajì èrè ẹ̀ ló ń dà sí gọ́tà yẹn.

Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta á mọ ohun tí mò ń bá yí. Kì í ṣe Olúmọ nìkan ni àpáta tó wà nílùú yìí, àpáta wà lábẹ́ ilé, ó wà láàárín ọ̀nà, ó wà lẹ́yìn balùwẹ̀, ibòmíì wà tẹ́ ẹ máa ki ọkọ́ bọ ilẹ̀ tí iná á ṣẹ́ yọ lára irin. Àwọn Ẹ̀gbá tó wá tẹ̀ dó síbí ní 1830, ohun tí wọ́n wá nìyẹn, ibi ìsádi ni, òkúta yẹn gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun. Ṣùgbọ́n ibi tó dáa fún ìsádi kì í fìgbà gbogbo dáa fún ebè. Níbi tí kò bá sì ti sí àpáta, lándílọ́ọ̀dù ti da kọnkéré sí i tàbí kó to intalọ́ọ̀kì sí i títí dé ẹnu géètì, torí kò fẹ́ ẹrẹ̀. Èmi tí mò ń gbé ilé rẹ́ǹtì, tí gbogbo àyè tí mo ní kò ju etí kọ́rídọ̀ àti igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi lọ, níbo ni mo ti máa rí ilẹ̀? Ibẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ti wọ ọ̀rọ̀ náà, àti àpò ìrẹsì, àti kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n gé lórí.

Àmọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe oko. Ilẹ̀ oko ní ìsàlẹ̀, gbòǹgbò lè rìn lọ wá oúnjẹ ẹ̀ káàkiri. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ohun tẹ́ ẹ bá kó síbẹ̀ ló máa jẹ, tó bá jẹ ẹ́ tán ó ti tán, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì bomi rin ín, omi tó ń jáde nísàlẹ̀ yẹn ń kó díẹ̀ lára oúnjẹ náà jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ inú ike fi máa ń dáa fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà á dúró gbagidi, ewé ìsàlẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọn èèyàn á ní àwọn ò lọ́wọ́ ẹ̀fọ́ gbíngbìn. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kọ́. Ebi ló ń pa á.

Fàtíláísà inú àpò tí wọ́n ń tà lọ́jà wà, NPK 15-15-15 tí gbogbo èèyàn mọ̀, ìyẹn náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti potásíọ̀mù tí ẹ̀fọ́ ń jẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́, mi ò bá a jà. Àmọ́ àpò ẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbin bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, tí wọ́n bá sì wọ̀n ọ́n fún yín ní kóńgò nínú ọjà, díẹ̀ tó bá lé lórí ìwọ̀n nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré báyìí, iyọ̀ ẹ̀ á jó gbòǹgbò. Kò sì fi nǹkan kan kún ilẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀. Ilẹ̀ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ NPK nìkan, tó bá pẹ́, ṣe ló máa ń di gan-an, omi á máa gba ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì sá lọ láì wọlé.

Tó bá jẹ́ ti ìgbẹ́ ẹran, ti adìyẹ ló pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí torí àwọn ọlọ́sìn adìyẹ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó lágbára, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ẹ̀. Àmọ́ ó gbóná. Ẹyẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀, ìtọ̀ ẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ ń jáde pọ̀ ni, funfun tẹ́ ẹ máa ń rí lórí ìgbẹ́ adìyẹ yẹn, ìtọ̀ ẹ̀ nìyẹn, òun náà ló ń yára di ammonia tó ń ta wá nímú tá a bá wọ ilé adìyẹ. Tẹ́ ẹ bá kó o ní tútù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ gbin nǹkan sí i, etí ewé á jó, gbòǹgbò á kú. Ó di dandan kó jẹrà fún oṣù bíi mélòó kan, níbo lẹ sì ti fẹ́ gbé òkìtì ìgbẹ́ adìyẹ sí nínú ilé tí ẹbí mẹ́fà ń gbé, tí fèrèsé ẹnì kan wà ní ìgbọ̀nwọ́ méjì sí ẹnu ọ̀nà yín?

Ehoro ò rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ẹ̀ lọ́tọ̀, ìgbẹ́ ẹ̀ lọ́tọ̀, ìgbẹ́ yẹn á jáde ní kóro kóro, roboto, gbígbẹ, tẹ́ ẹ lè bù ú lọ́wọ́ láì sọ pé ọwọ́ yín ti bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá mú ẹyọ kan tó ti gbẹ dáadáa tẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á fọ́ sí méjì, ohun tẹ́ ẹ máa rí nínú ẹ̀ kò ju koríko tí wọ́n lọ̀ kúnná lọ, àwọ̀ ẹ̀ pupa rúsúrúsú, òórùn ẹ̀ ò ju ti koríko gbígbẹ lọ. Èyí tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni bí ehoro ṣe ń jẹun. Lóru tàbí ní ìdájí, ó máa ń ya oríṣi kan tó rọ̀, tó dúdú, tó so mọ́ra wọn, kì í sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ rárá, ṣe ló máa tẹ orí mọ́lẹ̀ tí á fi ẹnu gbà á níbi tó ti ń jáde, á gbé e mì. Fítámìn B wà níbẹ̀, purotéènì wà níbẹ̀, tó bá gbà á wọlé padà tán, ara ẹ̀ á tún fa ohun tó kù. Kóro gbígbẹ tá a ń rí lábẹ́ kéèjì yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyẹn ni èyí tí ò ní lò mọ́. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo mọ èyí, torí ó jẹ́ kí n rí i pé ẹran kékeré yìí ti bá mi ṣe lára iṣẹ́ tí ǹ bá máa fi òkìtì àti ooru àti oṣù mẹ́ta ṣe.

Agbára ẹ̀ ńkọ́? Iye tí wọ́n sábà máa ń kọ fún un ni nǹkan bíi 2.4 nínú 100 fún náítírójìn, bíi 1.4 fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, bíi 0.6 fún potásíọ̀mù, ó sì ń yí padà sí ohun tí ehoro náà bá jẹ. Ẹnì kan á ní ṣé kékeré yìí náà ni, nígbà tí NPK jẹ́ 15, 15, 15. Bẹ́ẹ̀ ni, kékeré ni, àmọ́ kò yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi àárọ̀ tẹ́ ẹ bù sí i á fa díẹ̀ sílẹ̀, ti ìrọ̀lẹ́ á tún fa díẹ̀, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀ á máa jẹ kóro yẹn wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀fọ́ á máa rí jẹ lójoojúmọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù á dara pọ̀ mọ́ ilẹ̀, á jẹ́ kó rọ̀, á jẹ́ kó lè mu omi dúró. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà ara àpò lọ, mo fi gbogbo ẹnu mi sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Àṣẹ̀rò ni mo ti ń gba tèmi, Bàbá Eléhoro là ń pè wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe kéèjì wọn: wáyà ni ìsàlẹ̀ ẹ̀, kò sí pákó níbi tí ehoro ń tẹ̀, páànù wà lábẹ́ wáyà náà, wọ́n jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbẹ́ á gba ojú wáyà bọ́ sórí páànù, ìtọ̀ á ṣàn lọ sínú kẹ́ẹ̀gì tó wà ní ìdí ẹ̀. Àwọn méjèèjì ò pàdé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé ìgbẹ́ ehoro jó ẹ̀fọ́ àwọn, èyí tó ti rin ṣìnkìn nínú ìtọ̀ ni wọ́n kó, ìtọ̀ yẹn gbóná, ammonia ni. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ nìkan lẹ rí, ẹ sá a, ẹ jẹ́ kí òórùn yẹn kúrò lára ẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tó mú un súnmọ́ ẹ̀fọ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ, mo ti tẹ́ àpò sílẹ̀ tí mo fẹ́ máa kó, Bàbá ní, "Dúró ná, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Àwọn tọwọ́ òsì yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gún wọn lábẹ́rẹ́ aràn ni. Má fọwọ́ kan tiwọn."

Mo ní, "Ṣé ó máa ṣe ẹ̀fọ́ ní nǹkan ni, Bàbá?"

"Ẹ̀fọ́ kọ́. Ekòló ni mò ń rò. Oògùn yẹn ń bá ìgbẹ́ jáde, ó lè pa àwọn nǹkan kéékèèké tó yẹ kó bá ẹ ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀. Kó tiwọn sọ́tọ̀, jẹ́ kó pẹ́ níta."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ivermectin, oògùn aràn tí wọ́n ń fún ẹran, máa ń bá ìgbẹ́ jáde, ó sì ń pa kòkòrò inú ìgbẹ́. Mi ò tíì rí olùtajà kankan tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Bàbá náà kì í já koríko létí ọ̀nà, torí àwọn èèyàn ti ń fín oògùn apakoríko káàkiri, wọ́n ní ehoro ò ní kọ́kọ́ bi yín léèrè kó tó kú. Yúnyun ni wọ́n ń já fún wọn níbi tó dá wọn lójú, àti ewé ọ̀dùnkún, wọ́n á fi oúnjẹ gbígbẹ díẹ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kàn. Ìlú yìí ní ààtàn àtijọ́ púpọ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ilẹ̀ ààtàn máa ń dúdú, nǹkan máa ń hù níbẹ̀ bí ẹni ń fi agídí ṣe é, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lọ bù ú sí ike. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, èèpo iṣu àti eérú àti ewé ló wà lórí ààtàn, kò sí wàhálà. Ààtàn òde òní, bátìrì wà níbẹ̀, gílóòbù wà níbẹ̀, àwọn nǹkan inú fóònù tó bàjẹ́ wà níbẹ̀, wáyà tí wọ́n sun láti yọ kọ́pà wà níbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ sì wà lára ewébẹ̀ tó máa ń fa òjé àti cadmium, àwọn irin olóró, láti inú ilẹ̀ wọ inú ewé, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ tó máa jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ilẹ̀ ààtàn. Ẹ wá ilẹ̀ dúdú lábẹ́ igi, lẹ́bàá oko, níbi tẹ́ ẹ mọ ìtàn ẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ dúdú jẹ́ mẹ́ta, kí ìgbẹ́ jẹ́ méjì, kí yanrìn odò jẹ́ ọ̀kan, ohun tẹ́ ẹ bá fi wọ̀n ọ́n ò já mọ́ nǹkan, ìbáà jẹ́ kóńgò tàbí páànù. Yanrìn yẹn ni kì í jẹ́ kí omi dúró, nítorí òjò Abẹ́òkúta tó bá dé ní oṣù kẹfà, kì í bẹ̀ yín.

Ẹ lu ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó pọ̀, irin tẹ́ ẹ ti ki bọ iná ló yá jù. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ yòkòtò, gbogbo wọn lè gbé nínú nǹkan tó jìn tó ìbú ọwọ́ méjì. Ata àti tòmátì ń fẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, èyí tó gba lítà 20 yẹn, ẹyọ kan péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má ní ojúkòkòrò. Àpò ìrẹsì dáa àmọ́ oòrùn á jẹ ẹ́, tó bá tó ẹ̀ẹ̀rùn kan á ti máa ya.

Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ti ewédú torí òun ni mo fẹ́ràn jù, Ẹ̀gbá wo ló máa rí láfún tí ò ní bèèrè ewédú? Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ewédú táwọn gbìn kò hù, wọ́n á ní èso burúkú ni wọ́n tà fáwọn. Èso yẹn ò burú. Èèpo ẹ̀ ló le, omi ò lè wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa jókòó sínú ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí nínú ẹ̀. Ẹ da èso náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́ fẹ́lẹ́, ẹ so ẹnu ẹ̀, ẹ gbé omi kaná, tó bá ti hó kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ ri aṣọ yẹn bọ inú ẹ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, kẹ́ ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ rì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, tó bá pẹ́ ẹ ti sè é. Tẹ́ ẹ bá tú aṣọ náà, ẹ máa rí i pé àwọ̀ èso yẹn ti ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ojú bọ́kẹ́ẹ̀tì á ti yọ ewé méjì méjì. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Lafẹ́nwá ló fi èyí hàn mí, ó ní ìyá òun ló fi han òun náà, nígbà tí mo wá kà á lẹ́yìn náà pé àwọn onímọ̀ àgbẹ̀ náà ń kọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀, ìyá yẹn ló wú mi lórí.

Tẹ̀tẹ̀ ò nílò ìyẹn. Èso ẹ̀ kéré, ó dúdú, ó ń dán, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, ojú kan ni gbogbo ẹ̀ máa dà sí, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, kẹ́ ẹ má bò ó jìn. Tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ lè máa jẹ ẹ́. Ẹ má fà á tu o, ẹ fi ọ̀bẹ gé e kó ku ìpìlẹ̀ tó ní ojú, á tún yọ ẹ̀ka. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gé e, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ ehoro yí etí bọ́kẹ́ẹ̀tì ká, kẹ́ ẹ wú ilẹ̀ díẹ̀ bò ó, kẹ́ ẹ bomi rin ín. Kò gbọdọ̀ kan ewé. Tí ẹ̀fọ́ náà bá ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kíákíá, ẹ rẹ ìgbẹ́ náà sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ bu omi là á títí àwọ̀ ẹ̀ á fi dà bíi tíì tí wọn ò po mílíìkì sí, kẹ́ ẹ dà á sí ìdí ẹ̀.

Níbi tí ìgbẹ́ ehoro ti kù díẹ̀ káàtó ni ata àti tòmátì. Potásíọ̀mù ẹ̀ kéré, ohun tó ń so èso sì ń fẹ́ ẹ. Ẹ máa rí ata tí igi ẹ̀ tóbi, tí ewé ẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, tí ò fẹ́ so. Eérú igi ni mo fi ń dí àlàfo yẹn, díẹ̀ ni o, ṣíbí kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́pọ̀ ọjọ́, torí eérú máa ń pa kíkan inú ilẹ̀, tó bá pọ̀ jù gbòǹgbò ò ní lè gba oúnjẹ mọ́. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa l'Ábẹ́òkúta níbí. Àwọn ìyá aláró, àwọn tó ń ṣe àdìrẹ tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú, omi eérú ni wọ́n fi ń pọn aró láti ayébáyé, eérú èèpo kòkó náà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Agbára tó wà nínú eérú yẹn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ K, àmì potásíọ̀mù, sára àpò fàtíláísà.

Ìtọ̀ ehoro ńkọ́? Ẹ máa ti rí i lórí Facebook àti WhatsApp, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á ní ó ń lé gbogbo kòkòrò, ó ń wo gbogbo àrùn, ó ń mú ẹ̀fọ́ dàgbà lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ fara balẹ̀. Náítírójìn wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá fi omi tó tó ìlọ́po mẹ́wàá là á, ẹ̀fọ́ á rí nǹkan jẹ níbẹ̀, òórùn ẹ̀ sì lè lé àwọn kòkòrò kan fún ìgbà díẹ̀. Kọjá ibẹ̀, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ta ehoro fún àwọn èèyàn pé láàárín ọdún kan ẹ máa di olówó, torí ehoro ń bí lẹ́yìn ọjọ́ 31, wọ́n á ṣe ìṣirò sí ìwé fún yín, wọn ò ní ṣírò ooru oṣù kẹta Abẹ́òkúta sí i, èyí tí ehoro ò lè fara dà, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní ṣírò ẹni tó máa rà á.

Omi lolórí gbogbo ẹ̀. Nígbà ọyẹ́ àti nígbà ooru, bọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbẹ ju ilẹ̀ lọ, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la ń bomi rin ín, dúdú sì máa ń gbóná ju funfun lọ, ẹ gbé àwọn dúdú síbi tí òjìji bá dé lọ́sàn-án. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì dáa, omi tẹ́ ẹ fi fọ ẹ̀fọ́ dáa, omi ọṣẹ àti omi iyọ̀ ò dáa. Koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ bá tẹ́ sójú bọ́kẹ́ẹ̀tì á gbà yín lọ́wọ́ pípọn omi lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ẹni tó ń fa omi nínú kànga mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi, mo se ẹ̀fọ́ rírò, ó wò ó, ó ní, "Ṣé inú ìgbẹ́ yẹn náà lo ti já èyí? Àwa kì í jẹ ẹ̀fọ́ onígbẹ̀ẹ́ o." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ̀ ń rà lọ́jà, kí lẹ rò pé wọ́n fi gbìn ín ní àkùrọ̀? Ìgbẹ́ adìyẹ ni. Èmi mọ ẹran tó ya tèmi." Kò dá mi lóhùn, ó bu ẹ̀fọ́. Àmọ́ mi ò fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣeré. Ìgbẹ́ ni ìgbẹ́ ń jẹ́, kòkòrò àrùn lè wà níbẹ̀. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin àwọn tó ń ta oúnjẹ organic, ìyẹn èyí tí wọn ò fi kẹ́míkà àtọwọ́dá gbìn, sọ pé ìgbẹ́ tútù gbọ́dọ̀ ti wọ ilẹ̀ fún ọjọ́ 90 kí wọ́n tó kórè ohun tí ò fara kan ilẹ̀, ọjọ́ 120 fún èyí tó fara kan án. Ohun tá à ń sè dáadáa, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, iná á bá wa yanjú ẹ̀. Ohun tá à ń jẹ ní tútù, lẹ́túùsì, kùkúńbà, àlùbọ́sà eléwé, èyí tó ti jẹrà pátápátá nìkan ni mo ń fi sí ìdí wọn, tó ti di ilẹ̀ tí kóro kankan ò hàn níbẹ̀ mọ́. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré máa fi kóro yẹn ṣeré.

Mo ti ń bá Bàbá Eléhoro sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n yé fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ta ló máa fowó ra ìgbẹ́. Mo ní ẹni tó fowó ra ẹ̀fọ́ á fowó rà á. Mo mú tẹ̀tẹ̀ lọ bá wọn, mo mú ata lọ, mo kó àwọn obìnrin méjì ilé wa lọ síbẹ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí páànù abẹ́ kéèjì yẹn. Àwọn méjèèjì ti ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lándílọ́ọ̀dù kùn díẹ̀, àmọ́ ìyàwó ẹ̀ ti ń wá já ewédú, ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí rọ̀, mo dé Àṣẹ̀rò, mo bá àpò ìgbẹ́ ehoro tí wọ́n ti di ẹnu ẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n ti sá a gbẹ, wọ́n ti yọ irun àti koríko kúrò nínú ẹ̀, wọ́n fi páálí kékeré kan kọ iye owó sára ẹ̀. Bàbá ní, "Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ìwọ náà máa sanwó o." Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá, èló ni ká san?" Mo san án láì yọ kọ́bọ̀, mo ra méjì, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi ya ẹ̀kẹta sọ́tọ̀, torí àwọn tó wà níwájú mi lórí ìlà ti pọ̀.